Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Etí Odò Loire: Àyẹ̀wò fún Àwọn Tí Ń Gun Kẹ̀kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere gbà, kò sí èyí tí ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ tó ọ̀nà etí odò Loire ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n ń pè ní La Loire à Vélo. Mo ń kọ àyẹ̀wò yìí fún àwa tí a máa ń jí gun kẹ̀kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, pàápàá jù lọ fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí ìpàdé tàbí ẹ̀kọ́ lè gbé dé Orléans, Blois tàbí Tours, tí àyè díẹ̀ yóò sì ṣẹ́ kù fún wọn láti fi najú. Ọ̀nà náà yẹ fún ìyìn tí àwọn ènìyàn ń yìn ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn ààfin ńláńlá tí wọ́n máa ń ya àwòrán wọn sínú ìwé ìpolówó rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ó yẹ fún ìyìn ni pé, ní apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò níláti máa dẹtí sí ohun tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ láti Ifẹ̀ gba Òṣú dé Iléṣà rí yóò mọ ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le sì lè parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú, àmọ́ tírélà àti bọ́ọ̀sì akérò ni ó ni ín. Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè lẹ́yìn oníkẹ̀kẹ́, inú koríko ni yóò bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń sá wọ inú ọgbà yunifásítì ní ìdájí, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nítorí títì ibẹ̀ gbòòrò, igi sì ṣíji bò ó. Ìgbádùn yẹn kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Ní etí odò Loire, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ ni mo fi rí irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀, n kò sì san kọ́bọ̀ kan fún un, nítorí ọ̀nà ìlú ni, ọ̀fẹ́ ni fún ẹnikẹ́ni.

Gbogbo ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bí 900 kìlómítà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Cuffy, nítòsí ìlú Nevers, níbi tí odò Allier ti ṣàn pàdé Loire, ó sì parí ní Saint-Brevin-les-Pins ní etí òkun Àtìláńtíìkì. Apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ara ọ̀nà gígùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní EuroVelo 6, èyí tí ó la ilẹ̀ Yúróòpù já láti òkun Àtìláńtíìkì dé Òkun Dúdú. Odò Loire fúnra rẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà, òun ni ó sì gùn jù ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2000, UNESCO fi àfonífojì rẹ̀, láti Sully-sur-Loire dé Chalonnes, sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó, kì í ṣe kí ẹ lè máa lépa gbogbo rẹ̀. Apá tí mo ń yẹ̀ wò níhìn-ín ni ti Sully dé Blois, pẹ̀lú ẹ̀ka tí ó yà wọ igbó Chambord. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ Iléṣà tí ó ti pẹ́ ní Orléans, ni ó mú mi gba ibẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ó sì dá mi lójú pé apá yìí tó fún ẹni tí kò ní oṣù kan gbáko lọ́wọ́.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fà á tí ọkọ̀ kò fi sí níbẹ̀, nítorí kì í ṣe àánú ìjọba nìkan ni. Odò Loire a máa kún lójijì, omi rẹ̀ a sì máa ya wọ oko àti ilé. Láti ọ̀rúndún kejìlá ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi amọ̀ àti òkúta mọ ìdènà sí etí odò, tí ó gùn lọ gbọọrọ bí ebè tí kò lópin, wọ́n sì ń gbé e ga sí i bí omi bá ti ń borí rẹ̀. Ìkún omi ọdún 1846, 1856 àti 1866 ni wọn kò lè gbàgbé, nítorí pé omi já àwọn ìdènà náà níbi púpọ̀. Nínú àwọn ìlú etí odò, wọ́n gbẹ́ ìlà sára ògiri òkúta láti fi ibi tí omi dé hàn, wọ́n sì kọ ọdún rẹ̀ sí i. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìlà tí ó wà nísàlẹ̀ dé èjìká mi, ti 1856 sì ga débi pé orí ìka ẹsẹ̀ ni mo dúró lé kí ọwọ́ mi tó kàn án, bẹ́ẹ̀ sì ni títì tí mo dúró lé ti ga ju odò lọ dáadáa. Láti ìgbà náà ni n kò ti fojú kékeré wo ìdènà tí a ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ mọ́.

Orí ìdènà yìí, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gbà. Ibi tí àwọn abúlé kò ti lè kọ́ ilé ni, ibi tí ọkọ̀ ńlá kò ní ohun tí yóò lọ ṣe níbẹ̀ ni. Níbi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bá ti ya kúrò lára títì, wọ́n máa ń ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀ láàrin rẹ̀, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì ju èyí tí kẹ̀kẹ́ lè gbà lọ. Báàgì tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ mi ń ha òpó náà bí mo ti ń kọjá. Lẹ́yìn òpó yẹn, ariwo táyà lórí yanrìn tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ ni ènìyàn yóò máa gbọ́, àti ohùn ẹyẹ. Ọkọ̀ àwọn tí ń tún ìdènà ṣe àti ti àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà níbẹ̀ nìkan ni ó láṣẹ láti wọ ibẹ̀, èyí tí a sì pàdé rọra ń wọ́ ni.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá ti mọ àwọn òkè Iléṣà lẹ́sẹ̀ lè rò pé eré ọmọdé ni, àmọ́ atẹ́gùn wà. Láti ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà máa ń fẹ́ wá, láti ọ̀nà òkun, kò sì sí igi lórí ìdènà tí yóò gbà á dúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a kúrò ní Orléans, mo ń tẹ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, síbẹ̀ n kò fi bẹ́ẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè mí.

"Àbúrò, atẹ́gùn ni òkè tí wọ́n ní níbí," wọ́n wí. "Má bá a jà. Yí gíà rẹ wálẹ̀, kí o sún mọ́ ẹ̀yìn mi, kí n máa gbà á fún ọ."

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò ní rẹ̀ yín?"

"Ó ti mọ́ mi lára. Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe é títí a fi dé Beaugency, tí a sì lọ jókòó sí ẹsẹ̀ afárá òkúta àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìrọ̀rùn ni pé kí ó wọ reluwé lọ sí Blois, kí ó sì gun kẹ̀kẹ́ padà sí Orléans, kí atẹ́gùn lè máa tì í lẹ́yìn. Àwọn tí ó pọ̀ jù ń kọjú sí òkun nítorí pé òkun ni ó wù wọ́n láti parí sí, kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ni yóò san owó rẹ̀.

N kò ní fi pa mọ́ fún yín pé ọ̀nà náà kò bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ tán pátápátá. Láàrin oko àti abúlé, ó máa ń gba àwọn títì kékeré tí àwọn ará àdúgbò ń wa ọkọ̀ gbà, àwọn àmì sì wà níbẹ̀ tí ó ń fi hàn pé oníkẹ̀kẹ́ wà lọ́nà. Àwọn awakọ̀ tí a pàdé ní irú ibẹ̀ ṣe sùúrù gidigidi. Òfin Faransé sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè mítà kan sílẹ̀ láàrin ìlú, kí ó sì fi mítà 1.5 sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú, mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi tí ọkùnrin kan tí ó fa ọkọ̀ ẹrù kékeré mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé wa jẹ́ẹ́ títí a fi dé ibi tí títì ti fẹ̀, láìfọn fèrè rárá. Apá tí ó wà lẹ́yìn Tours yàtọ̀ díẹ̀: ní òdìkejì odò, ní ìhà àríwá, títì ńlá ni ó gba orí ìdènà, nítorí náà ìhà gúúsù ni kí oníkẹ̀kẹ́ dúró sí.

Ọ̀dà wà níbi kan, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́lẹ̀ wà níbòmíràn. Kẹ̀kẹ́ eléré tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín lè kọjá, ṣùgbọ́n ara kò ní rọ ẹni tí ó gùn ún. Ẹ lo táyà tí ó fẹ̀ díẹ̀.

Ní ti kẹ̀kẹ́ háyà, ibẹ̀ ni mo ti ní ẹ̀dùn ọkàn. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gba tèmi, tí n kò ní dárúkọ, fún mi ní kẹ̀kẹ́ tí ó ga jù fún mi, wọ́n sì sọ fún mi pé yóò mọ́ mi lára. Kò mọ́ mi lára. Ṣéènì rẹ̀ ń yọ nígbàkigbà tí mo bá yí i sí gíà tí ó rọrùn jù, bírékì ẹ̀yìn sì ń han goro. Ó bí mi nínú nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n fi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ṣe kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ gbà á. Nígbà tí mo dá a padà, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wọn ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó gbé ìjókòó sókè, wọ́n ní kí n gùn ún yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fún mi ní túùbù kan, pọ́ǹpù àti irin tí a fi ń yọ táyà láìgba owó sí i. Owó tí wọ́n gbà fún ọjọ́ kan kéré sí iye tí a fi jẹun alẹ́ fún ènìyàn méjì. Ẹ rí i dájú pé ẹ dán bírékì, gíà àti ìjókòó wò níwájú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Kò sí fọ́kánáísà lábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, bí táyà bá jò, ẹ̀yin ni ẹ óò lẹ̀ ẹ́.

Àmì ojú ọ̀nà pọ̀, ó sì hàn kedere, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ yọ fóònù jáde láti wo ojú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n igbó ni ó wù mí jù. Nígbà tí ènìyàn bá ti kọjá Beaugency, yóò rí èéfín funfun tí ń rú láti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti Saint-Laurent-des-Eaux, àwọn kan sì máa ń ráhùn pé ó ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Kò dí mi lọ́wọ́ rárá. Ó kàn jẹ́ kí n mọ ibi tí mo dé ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Saint-Dyé-sur-Loire wà, ìlú kékeré tí ó jẹ́ èbúté Chambord láyé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já òkúta tí wọ́n fi kọ́ ààfin náà sílẹ̀, láti ìgbà tí Ọba François Kìíní ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1519. Láti èbúté yìí ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti fi odò sílẹ̀, tí ó wọ ẹnu ọ̀nà ògiri ọgbà Chambord. Ògiri náà gùn ní 32 kìlómítà, ó yí igbó tí ó tó 5,440 héktà ká, ọgbà igbó olódi kò sì sí ní Yúróòpù tí ó tóbi tó o.

Bí a ti wọ inú ògiri yẹn ni atẹ́gùn dáwọ́ dúró. Igi óákù àti páìnì ni ó wà lọ́tùn-ún lósì, ọ̀nà náà sì nà tààrà láàrin wọn. Oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni àkókò tí àwọn akọ àgbọ̀nrín máa ń pe abo, nígbà tí oòrùn sì ń wọ̀, a gbọ́ wọn. Ohùn náà wúwo, ó ń ti ikùn jáde, ó ń dún láti ìhà kan, òmíràn sì ń dá a lóhùn láti inú igbó lọ́hùn-ún. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí mi pé kí n sọ̀ kalẹ̀, a sì dúró láìsọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ wa, pẹ̀lú àwọn arúgbó méjì ará Faransé tí àwọn náà gun kẹ̀kẹ́ wá fún un. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ti ń kọjá níbẹ̀, a kì bá tí gbọ́ nǹkan kan. Túùkú pọ̀ nínú igbó náà pẹ̀lú, apá tí ó tóbi nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti pa mọ́ fún ẹranko, nítorí náà ẹ má ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n fi àmì sí.

Àwọn tí ó bá fẹ́ igbó sí i lè máa bá a lọ sí Sologne, ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀ tí ó wà ní gúúsù Orléans, tí adágún omi rẹ̀ pọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó tẹ́jú ju etí odò lọ, ó sì tún dákẹ́ jù ú lọ. Ohun tí n kò fẹ́ràn níbẹ̀ ni wáyà tí àwọn onílẹ̀ fi ká igbó wọn mọ́ nítorí ọdẹ, nítorí pé níbi púpọ̀, ńṣe ni ènìyàn ń gun kẹ̀kẹ́ láàrin ọgbà méjì tí ẹranko kò lè ti inú wọn jáde. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2023 ti pàṣẹ pé kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ má ṣe ga ju mítà 1.20 lọ, kí wọ́n sì fi àyè 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹranko lè máa gbà á kọjá. Inú mi dùn sí òfin yìí, nítorí igbó tí a ká mọ́ kò yàtọ̀ sí àgbàlá ẹni kan.

Oúnjẹ dára bí ẹ bá mọ àkókò rẹ̀. Láàrin agogo méjìlá sí agogo méjì ọ̀sán ni àwọn ilé oúnjẹ abúlé máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bí ẹ bá dé ní agogo méjì ààbọ̀, wọn yóò kí yín dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò ní fún yín ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Wàrà ewúrẹ́ Selles-sur-Cher, tí wọ́n fi eérú bò lára, dùn mọ́ búrẹ́dì gbígbóná ju bí mo ti rò lọ. Ata ni kò sí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ata gígún dání nínú ike kékeré, wọ́n sì ń wọ́n ọn sórí ẹyin díndín ní gbogbo ibi tí a ti jẹun láìwo ojú ẹnikẹ́ni, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ibi tí ènìyàn yóò sùn, ẹ wá ilé tí ó ní àmì Accueil Vélo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó ní àmì yìí kò gbọdọ̀ jìnnà ju 5 kìlómítà lọ sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọn yóò ti kẹ̀kẹ́ mọ́ àti irinṣẹ́ tí a lè fi tún un ṣe. Níbi tí a sùn sí ní Beaugency, ìyàwó ilé náà fi rọ́bà omi fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ wa kí ó tó bi wá pé ta ni wá.

Láti Paris, reluwé tí ń ti ibùdó Austerlitz lọ sí Orléans máa ń gba nǹkan bí wákàtí kan, a sì lè gbé kẹ̀kẹ́ wọ àwọn reluwé kékeré tí ń tọ etí odò lọ. Ní ìgbà ooru, èrò a máa pọ̀ gan-an, ó sì yẹ kí ẹ béèrè nípa àyè kẹ̀kẹ́ ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní aago àti iná. Ẹni tí ó bá wà lójú ọ̀nà lẹ́yìn ìlú ní alẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí ń tàn yanran, ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún 12 gbọ́dọ̀ dé akoto. Àgbàlagbà lè má dé e lábẹ́ òfin, àmọ́ èmi dé tèmi. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ nínú Loire bí ó ti wù kí ooru mú tó. Yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ṣí kiri, ó sì ti gbé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ.

Oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹsàn-án ni mo fọwọ́ sí. Bí àyè yín kò bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ wọ reluwé àárọ̀ dé Blois, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí ẹ gba etí odò lọ sí Saint-Dyé, kí ẹ yà wọ Chambord, kí ẹ sì padà sí Blois; gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ, ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ yí ọgbà yunifásítì wa ká ní òwúrọ̀ yóò ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn, yóò sì tún rí àkókò wọ inú ààfin kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.